Àwọn Tó Ń Rọra Pa Ilẹ̀kùn Dé

Kò sẹ́ni tó tún ń pè é ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Kòséwu ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú títì tí kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dáhùn. Bí táyà bá bẹ́, "Kò séwu." Bí òjò bá bo gíláàsì iwájú tí àwọn ọmọ ń ké, "Kò séwu." Lọ́jọ́ tí búréèkì já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó rọra fi ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì náà ha ògiri títí ó fi dúró, àwọn olùkọ́ tó wà nínú ọkọ̀ ní ohun kan náà ló ń sọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ohun mìíràn tó mú bọ̀ láti ìdí ọkọ̀ ni ọgbọ́n ilẹ̀kùn. Ó ní bí èèyàn bá ń wọlé, òun kì í wo ojú rẹ̀, ọwọ́ tó fi pa ilẹ̀kùn dé lòun máa ń wò. Ojú ń purọ́, ẹnu ń purọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í rántí purọ́. Ẹni tó bá gbá ilẹ̀kùn gbàgà, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò gbá gbogbo ohun tí wọ́n bá fà lé e lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì rọra pa á dé, tó fi àtẹ́lẹwọ́ sìn ín títí ó fi bára mu, gbé ẹyin fún un kí o lọ sùn.

Bó ṣe rí ìyàwó rẹ̀ náà nìyẹn. Aránṣọ ni obìnrin náà. Ó wá wọn àwọn awakọ̀ fún aṣọ iṣẹ́ nínú ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ kan, ó parí, ó dágbére, ó jáde. Kòséwu jókòó, ó ń retí kí ilẹ̀kùn dún. Kò dún. Nígbà tó fi máa gbójú sókè, ilẹ̀kùn ti padé. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn, mo ti ríyàwó o." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò jẹun níbi ìgbéyàwó náà.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì ti wà nílé ọkọ, ẹni tó sì ti ń jí bá ẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí wá kò lè jókòó sí pálọ̀ máa ka eṣinṣin. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ nípa ilé-iṣẹ́ ìfọṣọ ńlá kan. Gbogbo ìlú ló mọ pátákó wọn: àwọ̀ ewé, pẹ̀lú àwòrán ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan tó na apá méjèèjì bí ẹni fẹ́ dì mọ́ni. Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó gbé pátákó yẹn kọ́ ló jẹ́ tiwọn o. Ẹni tó bá lówó lọ́wọ́ lè lọ bá wọn, wọn a yá a ní orúkọ wọn, wọn a ta ẹ̀rọ wọn fún un, wọn a fún un ní ìwé òfin. Òun ni yóò gba ṣọ́ọ̀bù, òun ni yóò wá òṣìṣẹ́, òun ni yóò sì kọ́ wọn níṣẹ́. Orúkọ nìkan ni kì í ṣe tirẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó gbọ́ ọ títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà ló yọ abẹ́rẹ́ náà.

"Bàbá wọn, orúkọ tí èèyàn bá yá, ṣé kì í padà sílé olówó rẹ̀?"

"Kò séwu," ni Kòséwu wí. Ó kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó lọ yá orúkọ.

Ṣọ́ọ̀bù náà wà láàárín ilé ìtajà oògùn àti ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́. Yàrá gígùn tóóró ni. Iwájú ni káńtà wà, ẹ̀yìn káńtà ni irin tí wọ́n ń fi aṣọ kọ́, lẹ́yìn irin ni ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì àti ẹ̀rọ ìgbẹṣọ kan, ní ìsàlẹ̀ pátápátá sì ni tábìlì ìlọṣọ wà tí èéfín omi gbígbóná ń rú lórí rẹ̀ látàárọ̀. Ilẹ̀kùn iwájú jẹ́ gíláàsì, ó wúwo, ó sì ní agídí. Bí èèyàn bá fi í sílẹ̀ tó yíjú, yóò gbá ara rẹ̀ dé bí ìbọn. Inú Kòséwu dùn sí ilẹ̀kùn yẹn ju ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ.

Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wá wáṣẹ́. Kò bi wọ́n níbi tí wọ́n ti kàwé. Bí ẹnì kan bá ti jókòó tán, tó gbé ìwé ẹ̀rí lé káńtà, Kòséwu a ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde, kí ẹ tún wọlé." Àwọn kan rò pé orí rẹ̀ ti yí. Obìnrin kan sọ ọ́ sí i létí kó tó lọ. Nínú gbogbo wọn, mẹ́rin ló sin ilẹ̀kùn yẹn dé. Àkọ́kọ́ ni ọkùnrin gíga kan tó ti ṣe bíríkìlà rí, tí wọ́n ń pè ní Òpó. Èkejì ni obìnrin kan tí kì í kí èèyàn láìrẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìn-ín. Onígbàjámọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti kógbá sílé ló ṣìkẹta. Obìnrin tó kẹ́yìn kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tí ilé bá ń jó, Adákẹ́ ni wọ́n ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin báàjì fún yín kí n tó tẹ̀ síwájú, nítorí òun ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé òfin náà nípọn bíi bíríkì. Ojú ewé kọkànléláàádọ́ta sọ pé ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ mẹ́rin tó gba báàjì. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kò gbọdọ̀ ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Kí èèyàn tó gba báàjì, ó gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rẹ̀, kó wá ká ṣẹ́ẹ̀tì kan níṣojú alábẹ̀wò láàárín ogójì sẹ́kọ́ǹdì, kọ́là kò gbọdọ̀ tẹ̀, apá kò gbọdọ̀ yọ. Bí òṣìṣẹ́ kò bá tó mẹ́rin, wọn yóò fún ṣọ́ọ̀bù náà ní ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ọjọ́ bá pé tí iye kò pé, pátákó yóò sọ̀ kalẹ̀. Kòséwu kà á, ó ní kò séwu. Ó ní ẹni mélòó ni mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi kọ́ wọn. Kò rọrùn. Ọwọ́ Òpó tó ti di ọwọ́ bíríkì kọ́kọ́ ń gbá ṣẹ́ẹ̀tì mú bí ẹni fẹ́ to ó sórí ògiri. Ìyàwó Kòséwu ló ń kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ́sàn-án láti wá kọ́ wọn bí aṣọ ṣe ń sọ̀rọ̀. Á ní, "Ẹ má fipá mú un. Ibi tó bá fẹ́ ṣẹ́ po sí ni kí ẹ jẹ́ kó ṣẹ́ po sí." Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yege. Alábẹ̀wò, obìnrin kékeré kan tó mọ́ tónítóní, ẹni tí bàtà rẹ̀ kì í dún nílẹ̀, fi báàjì ofeefee kọ́ wọn lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí mo ń yẹ̀ wò, mi ò rí kí gbogbo òṣìṣẹ́ yege lẹ́ẹ̀kan náà rí."

Kòséwu ra búrẹ́dì àti ohun mímu fún gbogbo wọn. Ká ní ó mọ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Ẹlẹ́rìn-ín wọlé láàárọ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró lẹ́yìn káńtà, ó ń yí okùn báàjì rẹ̀ mọ́ ìka.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà nídìíkọ̀ ló pè mí. Wọ́n ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

"Ṣọ́ọ̀bù ńlá wo? Ṣé wọn kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú wa ni?"

"Àwọn náà ni, sà. Tiwọn fúnra wọn ni. Wọ́n ní báàjì yìí ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pé wọn ò ní í tún kọ́ mi ní nǹkan kan. Owó oṣù wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì." Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ sọ pé kí n má lọ, mi ò sì ní í lọ."

Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta? Kòséwu ní kó máa lọ, ó tún súre fún un. Ó sin ilẹ̀kùn dé bó ṣe ń jáde. Lóṣù tó tẹ̀lé e, Onígbàjámọ̀ náà lọ. Kòséwu wá àwọn méjì mìíràn, ó kọ́ wọn, wọ́n yege, wọ́n lọ. Ẹ wo bí ayé ṣe ń fini ṣẹ̀sín: bí ojú rẹ̀ bá ṣe mú nídìí ilẹ̀kùn tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn rẹ̀ ń wọ àwọn ará ìdíkọ̀ lójú tó. Ká ní kò mọ èèyàn-án yàn ni, ì bá ṣì ní òṣìṣẹ́.

Nígbà tí alábẹ̀wò tún dé, Kòséwu gbé ìwé òfin síwájú rẹ̀.

"Ìyáa mi, ẹ bá mi wá a níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ lè máa kó òṣìṣẹ́ mi."

"Bàbá, a ò kó wọn. Báàjì jẹ́ ti òṣìṣẹ́, kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀bù. Ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè gbé e lọ. Ojú ewé kẹtàléláàádọ́ta nìyẹn."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n fi owó kún owó oṣù wọn nígbà náà."

Obìnrin náà ṣí ìwé, ó fi èékánná tọ́ka sí ìlà kan. "Ìpele kẹta ni ṣọ́ọ̀bù yín. Iye tí ìpele kẹta lè san ló wà níbí yìí. Ẹ má bínú, sà. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

Òótọ́ ni, òun kọ́ ló kọ ọ́. Kòséwu pe nọ́ńbà olú ilé-iṣẹ́, ohùn kan tí kì í ṣe ti èèyàn ní kó tẹ oókan, ó tẹ oókan, ó ní kó tẹ eéjì, ó tẹ eéjì, orin bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ orin náà títí ó fi mọ̀ ọ́n kọ. Ẹni tí yóò bá jà kò rí ẹni tí yóò kọjú ìjà sí.

Lọ́jọ́ kan, ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá náà fúnra rẹ̀. Ó ti to ọ̀rọ̀ jọ láti ilé. Ilẹ̀kùn tibẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀, ó ń padé fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án. Bó ṣe wọlé, ẹni mẹ́fà lẹ́yìn káńtà ló kígbe lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Ọ̀gá wa ti dé!" Ẹlẹ́rìn-ín ló kọ́kọ́ sáré jáde. Wọ́n yí i ká, wọ́n ń bi í léèrè ara màmá, wọ́n gbé àga, wọ́n gbé omi tútù. Ọ̀gá ibẹ̀ jáde láti inú ọ́fíìsì, ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ̀yin gan-an ni mo ti ń fẹ́ rí! Láti ọdún tó kọjá, a ò tún kéde iṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá ti ọ̀dọ̀ yín wá, a kì í yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Kòséwu tò jọ ló fọ́n ká. Kí ni èèyàn fẹ́ sọ fún ẹni tó ń yìn ín? Ó mu omi, ó dúpẹ́, ó jáde. Nínú ọkọ̀ tó wọ̀ padà sílé, ojú ń tì í bí ẹni pé òun ló jalè.

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ pé bí rere kò bá dúró, kó gbìyànjú búburú wò. Àwàdà ló fi ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tí odò ń gbé lọ kì í wo ojú igi kó tó dì í mú. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin kan gbá ilẹ̀kùn gíláàsì náà tí ìgò oògùn fi wárìrì ní ṣọ́ọ̀bù kejì, Kòséwu dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "O ti ríṣẹ́." Gbàgà ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà láti ọjọ́ náà. Èèyàn dáadáa ni, kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ló ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jó ṣòkòtò lọ́yà kan níbi ìdí láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní. Ó yára ká ṣẹ́ẹ̀tì lóòótọ́, sẹ́kọ́ǹdì márùndínlọ́gbọ̀n, ṣùgbọ́n bí ṣẹ́ẹ̀tì náà bá kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni pé màlúù sùn lé e ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣèdánwò, ẹ̀ẹ̀mẹta ló fìdí rẹmi. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ Kòséwu, ṣùgbọ́n kò sí lára àwọn tí wọ́n ń kà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Ó tún lọ bá ọkùnrin kan tó ń kó alágbàṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ọkùnrin náà kó ẹni mẹ́rin wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ ẹ̀wù kan náà, wọ́n gbówọ́ sẹ́yìn bíi sójà. Alábẹ̀wò wò wọ́n, ó mi orí.

"Bàbá, alágbàṣe kì í ṣe òṣìṣẹ́. Wọ́n lè bá yín ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn ò ní í kà."

"Ṣé wọn kì í ṣe èèyàn ni?"

"Èèyàn ni wọ́n, sà. Wọn ò kàn sí nínú mẹ́rin ni."

Lópin oṣù kẹrìnlá, ẹni mẹ́sàn-án ló ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ìdíkọ̀. Mẹ́ta ló kù tí wọ́n ní báàjì. Òpó ni àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n pè é tó ní òun kò lọ. Adákẹ́ ṣìkejì, wọ́n pe òun náà, ó gbé fóònù, kò sọ̀rọ̀, wọ́n pa á. Ẹ̀kẹta ni obìnrin kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, tí kò tíì lò ju oṣù méjì lọ lọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí ẹnì kẹrin kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, lẹ́tà olú ilé-iṣẹ́ dé: ọgbọ̀n ọjọ́.

Kòséwu ka lẹ́tà náà nídìí tábìlì ìjẹun. Ẹ̀rù bà á. Gbogbo ohun tó ní láyé wà nínú yàrá gígùn yẹn, àwọn ẹ̀rọ náà kò sì ṣeé tà fún ẹlòmíì, ìwé òfin ti sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọkùnrin tó ń sunkún, ṣùgbọ́n ó ń ká lẹ́tà náà, ó ń tú u, ó ń ká a, bí ẹni ń ká ṣẹ́ẹ̀tì.

Ìyàwó rẹ̀ pa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Bàbá wọn, orúkọ mi kò sí nínú ìwé tí ẹ fi gba ṣọ́ọ̀bù, àbí?"

"Rárá, orúkọ mi nìkan ni."

"Nígbà náà, mo lè jẹ́ ẹnì kẹrin."

"Ìyá wọn! Láti ìgbà wo ni ìwọ ti ń gba àṣẹ lọ́wọ́ mi?"

"Mi ò ní í gbàṣẹ kankan lọ́wọ́ yín. Ṣẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ ká."

Ó ti pẹ́ tí Kòséwu ti rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹtàlélógún, ìyàwó rẹ̀ dúró síwájú alábẹ̀wò, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan sórí tábìlì. Kò jọ ẹni tó ń yára rárá. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń lọ síbi tí aṣọ náà fẹ́ lọ. Alábẹ̀wò wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó tún un wò.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n," ló wí. "Màmá, èmi fúnra mi ò lè ká a báyìí."

Ó fi báàjì kọ́ ọ lọ́rùn. Wọ́n ti pé mẹ́rin, ọjọ́ méje ṣì kù. Kòséwu rìn yí ṣọ́ọ̀bù náà po, ó ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kí wọn.

Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, Òpó wọlé, ó tẹrí ba lábẹ́ ilẹ̀kùn bó ṣe máa ń ṣe nítorí gíga rẹ̀, kò sì gbé orí náà sókè mọ́.

"Ọ̀gá, ìyàwó mi bímọ lánàá. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún un. Wọ́n tún pè mí. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí, pé àwọn ò ní í pè mí mọ́."

"Ẹ kú ewu ọmọ," ni Kòséwu wí. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí kò ṣe fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́sàn-án. Ó bẹ̀ ẹ́. "Ọjọ́ méjì péré, Òpó. Jẹ́ kí alábẹ̀wò wá kà yín tán. Lọ́jọ́ kẹta, èmi ni màá gbé ọ débẹ̀ fúnra mi."

"Mo bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ méjì, Ọ̀gá. Wọ́n ní òní ni, tàbí kí n gbàgbé ẹ̀."

Àwọn méjèèjì dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀. Ẹ̀rọ ìgbẹṣọ ń yí, bọ́tìnì aṣọ kan ń kan irin inú rẹ̀ léraléra. Kò sẹ́ni tó ṣe ìkà nínú wọn. Bóyá ká ní ẹnì kan ṣe ìkà ni, ọkàn ì bá fúyẹ́. Nígbà tó yá, Kòséwu na ọwọ́ sí i pé kó máa lọ. Òpó sin ilẹ̀kùn dé.

Gbàgà tó ń lọṣọ nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bọ́ sókè, òógùn bò ó. "Màmá, ẹ kọ́ mi. Ẹ kọ́ mi títí ọ̀tunla."

Wọ́n kọ́ ọ. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Ìyàwó Kòséwu di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkọ. "Má fipá mú un. Rọra. Jẹ́ kó ṣẹ́ po fúnra rẹ̀." Adákẹ́ pàápàá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èyí dáa."

Lọ́jọ́ ọgbọ̀n, alábẹ̀wò dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì tó gbé àkàbà. Àwọn ọkùnrin náà dúró níta. Kòséwu bẹ̀ ẹ́ pé kó yẹ Gbàgà wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó gbà. Obìnrin náà kò burú, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ó tẹ aago.

Gbàgà gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó sìn ín wálẹ̀. Ó ká apá kan, ó ká èkejì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ kọ́là. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ṣẹ́ẹ̀tì náà dùbúlẹ̀ lórí tábìlì, ó gún, ó dán, apá kò yọ, kọ́là kò tẹ̀. Ìyàwó Kòséwu pàtẹ́wọ́. Gbogbo wọn yíjú sí alábẹ̀wò.

Alábẹ̀wò ń wo aago.

"Mẹ́tàlélógójì."

"Ẹ wo ṣẹ́ẹ̀tì náà ná," ni Kòséwu wí. "Ẹ sáà wò ó."

"Mo ti rí i, Bàbá. Ó dáa. Ogójì ni wọ́n kọ."

Nígbà tí Gbàgà ń yára, kò mọ̀ ọ́n ká. Nígbà tó mọ̀ ọ́n ká tán, kò yára mọ́. Sẹ́kọ́ǹdì mẹ́ta. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, ó ń sunkún bí ọmọdé, Kòséwu sì ń gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ó yẹ kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún un, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Ó ya ẹnu, ọ̀rọ̀ náà kò jáde.

Àwọn ọkùnrin náà gun àkàbà. Ìdè mẹ́jọ ló de pátákó náà mọ́ ògiri, wọ́n ń tú u níkọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó ń gbẹ́ kọ́kọ́rọ́ jáde wá wò, ó mi orí, ó wọlé padà. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó na apá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n da aṣọ bò ó. Ibi tó ti wà lára ògiri mọ́ ju ibi yòókù lọ.

Alábẹ̀wò kò tètè lọ. Ó mú àpòòwé kan jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyàwó Kòséwu, kò wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ìdíkọ̀ ló ní kí n fún yín. Mo sọ iye sẹ́kọ́ǹdì yín fún wọn. Wọ́n fẹ́ kí ẹ wá máa ṣe olórí àwọn tó ń káṣọ."

Ìyàwó Kòséwu kò ṣí i títí wọ́n fi délé. Ó gbé e sáàárín tábìlì. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀, ìdérí ti wà lórí rẹ̀ fún oṣù kan, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ti gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíì lọ. Wọn kò ní nǹkan mìíràn. Àwọn méjèèjì mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ní láti sọ ọ́.

"Bàbá wọn, ẹ sọ pé kí n má lọ."

Ó rántí Ẹlẹ́rìn-ín. Ó rántí Òpó. Ó fẹ́ sọ ọ́, ó fẹ́ sọ ọ́ tọkàntọkàn, ó fẹ́ sọ pé kó má lọ, kó jókòó, kí àwọn méjèèjì máa jẹ ẹ̀bà gbígbẹ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kì í ti ẹnu ọ̀nà wọlé fúnra rẹ̀.

"Aago mélòó ni wọ́n ní kí o dé?" ló bi í.

Lọ́jọ́ Ajé, Kòséwu jí, ó lọ aṣọ iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀, aṣọ àwọ̀ ewé. Ó lọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí ìyẹn ni iṣẹ́ tó kù tí ó mọ̀. Obìnrin náà wọ̀ ọ́, ó fi báàjì kọ́rùn, ó mu tíì ní ìdúró. Ó gbọ́wọ́ lé ọkọ rẹ̀ léjìká.

"Kò séwu," ló wí.

Kòséwu jókòó sí pálọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì. Ó ń retí kí ilẹ̀kùn dún, ó tilẹ̀ ń gbàdúrà pé kó dún, kó gbá, kó mi gbogbo ilé. Ó retí títí. Nígbà tó fi máa bojú wẹ̀yìn, ilẹ̀kùn ti padé.